Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Họ́ọ̀sì Bíréèkì Ọkọ̀, Àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Nínú gbogbo ohun tí ó ń mú kí ọkọ̀ dúró nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, họ́ọ̀sì ni àwọn ènìyàn kì í sábà rántí. Wọ́n á yẹ páàdì wò, wọ́n á yẹ dísìkì wò, wọ́n á ṣí ìdérí ike ọ́ìlì bíréèkì wò, ṣùgbọ́n rọ́bà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó rọ̀ sẹ́yìn táyà, tí kò gùn ju apá ọmọdé lọ, kì í jọ ohun tí ó lè ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ní ọgbà mẹkáníìkì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọkọ̀ tí ó ń ná Òyọ́ àti Ìlọrin ni ó pọ̀ jù nínú èyí tí ó ń wọlé sí wa, lójú ọ̀nà tí àwọn tírélà tí ń lọ sí ìhà Àríwá ti sọ di kòtò. Ohun tí mo ti rí lára wọn ni pé kì í ṣe ogbó nìkan ni ó ń pa họ́ọ̀sì. Ọwọ́ tí ó kàn án kẹ́yìn ni ó máa ń pa á jù. Ìdí nìyí tí màá fi pẹ́ lórí bí a ṣe ń dì í mú àti bí a ṣe ń gbé e sójú rẹ̀, ju bí a ṣe ń tú u lọ.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ọ̀pọ̀ ń pè é ní rọ́bà bíréèkì, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn náà ni a ń pe àwọn rọ́bà róbótó tí ó wà nínú másítà, ìyẹn ẹ̀rọ tí pẹ́dà bíréèkì fi ń ti ọ́ìlì, àti nínú kálípà, ìyẹn irin tí ń fi páàdì gbá dísìkì mú. Mo ti rí ẹni tí a rán lọ sọ́jà tí ó sì ra èyí tí a kò rán an. Họ́ọ̀sì ni màá máa pè é nínú gbogbo ohun tí mo bá sọ níhìn-ín.

Iṣẹ́ tí họ́ọ̀sì ń ṣe

Ọ́ìlì bíréèkì ń ti inú másítà jáde, ó ń gba inú páìpù irin tí a so mọ́ abẹ́ ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọkọ̀ kì í dúró sójú kan: ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́kù, ti iwájú sì tún ń yí sọ́tùn-ún àti sósì. Bí ó bá ṣe pé páìpù irin ni ó dé ibẹ̀, kò ní pẹ́ kán, nítorí náà ni wọ́n fi ń fi họ́ọ̀sì parí ọ̀nà náà. Ìpele mẹ́ta ni ó ní, èyíinì ni rọ́bà inú tí ọ́ìlì ń gbà kọjá, okùn híhun tí ó yí i ká kí ó má baà wú, àti rọ́bà ìta tí ń gba eruku àti òkúta mọ́ra. Afẹ́fẹ́ tí fọ́kànáísà ń fẹ́ sí táyà ọkọ̀ kékeré kì í sábà ju 35 psi lọ. Bí a bá tẹ bíréèkì gírígírí, agbára tí ó wà nínú họ́ọ̀sì yìí, tí ihò rẹ̀ kò tóbi ju orí ìṣáná lọ, lè lé ní 1,000 psi. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní fi okùn àti gọ́ọ̀mù di họ́ọ̀sì tí ó ń jò.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti bàjẹ́

Èyí tí ojú ń rí kò le. Ẹ yí sítíárìnnì sí apá kan títí yóò fi kọ̀, kí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú lè ṣí sílẹ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí họ́ọ̀sì náà, kí ẹ sì fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ kọ díẹ̀. Bí awọ rẹ̀ bá ń là wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ àbàtà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú, tàbí tí ó rọ̀ jù nítorí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí ń kán sí i, tàbí tí ọ̀rinrin wà ní ìdí irin rẹ̀, kò sí ohun tí a tún fẹ́ yẹ̀ wò. Kí ẹnìkan tẹ bíréèkì bí ẹ ti ń wò ó: họ́ọ̀sì tí ó bá wú lójú kan bí ejò tí ó gbé èkúté mì, okùn inú rẹ̀ ti já, kò sì yẹ kí ọkọ̀ náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò níbẹ̀.

Èyí tí ojú kì í rí ni ó ń jẹ owó ènìyàn. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́ gbé Camry rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Ọkọ̀ náà ń fà sí ọwọ́ ọ̀tún, ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún sì ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí omi tí a wọ́n sí rímù rẹ̀ ń dún ṣàà. Wọ́n ti pààrọ̀ páàdì ẹsẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì níbòmíràn, wọ́n sì ti tú kálípà rẹ̀ fọ̀. Bàbá ní, “Ọmọ mi, ṣé kí n tún lọ ra páàdì mìíràn wá ni?” Mo ní, “Ẹ fi owó yín sápò ná, bàbá.” A gbé ẹsẹ̀ náà sókè, ọmọṣẹ́ mi tẹ bíréèkì, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, táyà kò yí. Mo tú nípù kálípà, ẹnu kékeré tí a ń gbà yọ afẹ́fẹ́, díẹ̀, ọ́ìlì tú jáde fìn-ín, táyà sì ń yí wọ̀rọ̀wọ̀. A dé nípù, a tún tẹ bíréèkì, ó tún há. Lọ́tẹ̀ yìí, nọ́ọ̀tì páìpù irin tí ó wà lókè họ́ọ̀sì ni mo tú díẹ̀, ṣùgbọ́n táyà kò mira. Nígbà náà ni a mọ̀ pé ohun tí ó há ọ́ìlì mọ́ wà láàárín nọ́ọ̀tì náà àti nípù, họ́ọ̀sì sì nìyẹn. Lẹ́yìn tí a pààrọ̀ rẹ̀ tán, mo fi ọ̀bẹ la èyí tí a yọ níṣojú bàbá. Ìta rẹ̀ kò ní àbùkù kankan, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti wú pọ̀ bí ọ̀fun ọmọ tí bélúbélú ń dà láàmú.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú irú họ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ wa ní agbára láti ti ọ́ìlì kọjá ibi tí ó dí, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ọ́ìlì fúnra rẹ̀ kò ní agbára tí yóò fi padà. Páàdì á wá rọ̀ mọ́ dísìkì, ọkọ̀ á máa wọ́ bíréèkì káàkiri, epo á sì máa jó ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà mìíràn, kì í ṣe rọ́bà ni ó wú. Irin ìdimú tí ó gbá họ́ọ̀sì mọ́ra láàárín ni ó dógùn-ún, tí ìpáàrà rẹ̀ sì ń fún họ́ọ̀sì lọ́rùn láti ìta. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú àyẹ̀wò tí mo sọ yìí, ẹ fi awò dí ojú yín, nítorí ọ́ìlì tí ó ń tú jáde láti inú páìpù tí ó há kì í rọra wá.

Ohun tí ẹ ó rà

Họ́ọ̀sì iwájú méjèèjì ni ẹ ó rà pa pọ̀, kódà bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni ó bàjẹ́, nítorí ọjọ́ kan náà ni wọ́n dé ara ọkọ̀, ohun tí ó ṣe ọ̀kan ti ń bọ̀ wá ṣe èkejì. Ti ọ̀tún kì í sábà rí bákan náà pẹ̀lú ti òsì. Ẹ mú orúkọ ọkọ̀, ọdún rẹ̀ àti irú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dání. Èyí tí ó sàn jù ni kí ẹ ya àwòrán èyí tí ó wà lára ọkọ̀ sórí fóònù kí ẹ tó lọ. Bí ẹ kò bá rí i ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Aráròmí, lágbègbè Gate ní Ìbàdàn, lè bá yín wá a.

Lára họ́ọ̀sì tí ó péye, ẹ ó rí lẹ́tà DOT (àmì pé ó bá ìlànà ilé iṣẹ́ ìrìnnà Amẹ́ríkà mu), orúkọ tàbí àmì ẹni tí ó ṣe é, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ìwọ̀n ihò rẹ̀ àti lẹ́tà HR tàbí HL, tí ń sọ bí ó ṣe lè wú tó. Ẹ ó tún rí ìlà méjì tí ó gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan ní apá kan, èkejì ní òdìkejì. Ọ̀pọ̀ rò pé ẹwà ni wọ́n fi ìlà yìí ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju gbogbo ohun tí a kọ sára họ́ọ̀sì lọ, màá sì padà sórí rẹ̀ níwájú.

Ní ti Bẹ́líjíọ̀mù, ìyẹn ẹ̀yà ara ọkọ̀ àlòkù tí ó ti ìlú òyìnbó wá, mo máa ń ra ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún oníbàárà, mo máa ń ra ìlẹ̀kùn, mo máa ń ra gíláàsì. Họ́ọ̀sì bíréèkì Bẹ́líjíọ̀mù, rárá o. Kò sí ẹni tí ó mọ iye ọdún tí ó ti lò nínú ìrì dídì ìlú òyìnbó, tàbí bí wọ́n ṣe fi tipátipá fà á yọ.

Ẹ ra wáṣà kọ́pà tuntun méjì fún họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan tí bóòtù oníhò, èyí tí ọ́ìlì ń gba inú rẹ̀ kọjá, mú mọ́ kálípà. Kọ́pà rọ̀, títẹ̀ tí bóòtù bá tẹ̀ ẹ́ ni ó fi ń dí ojú ibi tí ọ́ìlì lè gbà sá jáde, èyí tí a bá sì ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti gba àpá. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, mo dá wáṣà àtijọ́ padà sí kálípà ọkọ̀ kan nítorí pé ó wù mí kí n tètè ṣe tán, mo sì tẹ bíréèkì, kò jò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹni tí ó ni ọkọ̀ wá fi ìka rẹ̀ han ọ̀gá mi: ìka náà rin fún ọ́ìlì tí ó nù lára táyà rẹ̀. Ọ̀gá mi kò bá mi wí. Ó kàn ní kí n lọ ra wáṣà méjì náà lówó ara mi, kí n sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ.

Ọ́ìlì bíréèkì ni ó kù. Nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ kọ sára ìdérí ike rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. DOT 3, DOT 4 àti DOT 5.1 bára wọn tan. DOT 5 kò bá wọn tan rárá, kò sì gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ wọn. Láti inú agolo tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ìdí rẹ̀ já ni kí ẹ ti lò ó, nítorí ọ́ìlì yìí ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́ bí iyọ̀ ti ń ṣe nígbà òjò. DOT 3 tuntun kò ní hó títí ooru yóò fi tó 205°C ó kéré tán. Èyí tí ó ti mu omi tó lè máa hó ní 140°C, bí ó bá sì hó nínú kálípà, pẹ́dà á wọlẹ̀ lójijì. Bí ẹ bá ń fura sí ohun tí ó wà nínú ike ọkọ̀, ẹ fa díẹ̀ jáde kí ẹ sì dà á sínú ife omi: ọ́ìlì bíréèkì tí a sábà ń lò á pò mọ́ omi, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á léfòó. Èyí tí ó bá léfòó ti ń ba gbogbo rọ́bà inú másítà àti kálípà jẹ́, pààrọ̀ họ́ọ̀sì nìkan kò sì lè tó.

Irinṣẹ́ kò pọ̀: jáàkì, ẹsẹ̀ irin tí a fi ń gbé ọkọ̀ dúró, sípánà wíìlì, sípánà ríìngì 12 tàbí 14 fún bóòtù oníhò, 8 tàbí 10 fún nípù, púláyà, búrọ́ọ̀ṣì onírin àti àkísà. Fún nọ́ọ̀tì páìpù, tí ó máa ń jẹ́ 10 lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ Japan, ẹ wá sípánà tí a ṣe fún páìpù, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí orí nọ́ọ̀tì ká tán tí ó kàn ní àlàfo tí páìpù lè gbà wọlé. Sípánà fúláàtì lásán máa ń jẹ orí nọ́ọ̀tì, bí orí nọ́ọ̀tì bá sì ti yípo, iṣẹ́ wákàtí kan ti di iṣẹ́ ọjọ́ méjì nìyẹn.

Títú èyí tí ó wà níbẹ̀

Ẹ gbé ọkọ̀ sí orí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ iyanrìn tàbí amọ̀ pupa bí ti ọ̀pọ̀ ọgbà mẹkáníìkì wa, ẹ tẹ́ pákó tí ó nípọn sábẹ́ jáàkì. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta sẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, ẹ kọ́kọ́ dẹ nọ́ọ̀tì táyà kí ẹ tó gbé e sókè, kí ẹ sì ti ẹsẹ̀ irin bọ abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó ti orí bọ ibẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kì í ṣe ẹsẹ̀ irin. Ó máa ń fọ́ láìsọ tẹ́lẹ̀.

Kí ọ́ìlì má baà máa ṣàn jáde títí tí ike rẹ̀ yóò fi gbẹ, ọgbọ́n kan wà tí ọ̀gá mi kọ́ mi: ẹ fi igi kan ti pẹ́dà bíréèkì wọlé díẹ̀, bí ìwọ̀n ìka méjì, kí ẹ sì fi ìdí igi náà gún àga awakọ̀. Pẹ́dà tí ó wọlé díẹ̀ ń dí ihò tí ọ́ìlì ń gbà wọ másítà láti inú ike. Iná bíréèkì á máa tàn lẹ́yìn, nítorí náà ẹ tú orí bátìrì kan bí iṣẹ́ náà bá máa pẹ́.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo ojú ibi tí páìpù ti pàdé họ́ọ̀sì, kí ẹ nù ún mọ́ títí tí irin yóò fi hàn, nítorí eruku tí ó bá bọ́ sínú páìpù kò ní jáde mọ́ títí yóò fi rí rọ́bà kan jẹ. Ẹ fín WD-40, òróró agolo tí ń dẹ ìpáàrà, sí nọ́ọ̀tì náà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi sípánà kan di orí irin họ́ọ̀sì mú ṣinṣin, kí ẹ sì fi ti páìpù tú nọ́ọ̀tì. Nọ́ọ̀tì nìkan ni ó gbọ́dọ̀ yí. Bí ẹ bá rí i pé páìpù irin ń bá nọ́ọ̀tì yí, ẹ dúró, ẹ dá a padà díẹ̀, ẹ tún fín WD-40 sí i, kí ẹ máa yí i lọ yí i bọ̀ títí tí yóò fi gbà. Ẹni tí ó bá fi ipá ṣe é yóò ra páìpù mọ́ họ́ọ̀sì.

Nígbà tí nọ́ọ̀tì bá ti jáde, ẹ fi rọ́bà kékeré tí wọ́n fi ń dé nípù dí ẹnu páìpù. Ẹ fi púláyà fa kílíìpù tí ó di họ́ọ̀sì mọ́ ara ọkọ̀ yọ, ẹ tú èyí tí ó dì í mọ́ ṣọ́kù, kí ẹ wá tú bóòtù oníhò lára kálípà. Ẹ ká wáṣà méjèèjì: èkejì máa ń lẹ̀ mọ́ kálípà tí ojú kò ní rí i, bí ẹ bá sì gbé tuntun lé e lórí, yóò jò. Bí ọ́ìlì bá kán sí ọ̀dà ọkọ̀, ẹ bu omi sí i kíákíá, nítorí ó ń bó ọ̀dà.

Fífi tuntun sí i

Ẹ tẹ́ àtijọ́ àti tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí àkísà. Gígùn wọn, ẹnu wọn, ibi tí irin ìdimú wà lára wọn, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu. Èyí tí ó fi ìka méjì kúrú ju èkejì lọ kò gbọdọ̀ wọ ara ọkọ̀, bí ó ti wù kí ẹni tí ó tà á fún yín búra tó.

Ọ̀dọ̀ kálípà ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi wáṣà kan sí abẹ́ orí bóòtù, kí ojú irin họ́ọ̀sì tẹ̀ lé e, kí wáṣà kejì wà láàárín họ́ọ̀sì àti kálípà. Ọ̀pọ̀ kálípà ní ihò kékeré tàbí ìgun tí irin họ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ bọ́ sí kí ó má baà yí. Ẹ rí i dájú pé ó bọ́ sí i. Ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yí bóòtù wọlé. Àwọn ọkọ̀ mìíràn wà tí họ́ọ̀sì wọn kò lo bóòtù, tí ẹnu rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń yí wọ inú kálípà iwájú tàbí ti ẹ̀yìn; fún irú wọn, ẹ yí apá yẹn wọlé kí ó sì le tán kí ẹ tó fọwọ́ kan apá òkè rárá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lílọ́ ni ẹ ó máa lọ́ họ́ọ̀sì bí ẹni ń fún aṣọ.

Ẹ gbé òkè họ́ọ̀sì gba inú irin ìdimú ara ọkọ̀, ẹ fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì páìpù wọ inú rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Bí kò bá rọra wọlé, ó ti gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ẹ yọ ọ́, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ kan kílíìpù mọ́ ọn, ẹ dì í mọ́ ṣọ́kù, lẹ́yìn èyí ni ẹ ó tó fi sípánà fún gbogbo rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ Toyota kéékèèké, bóòtù oníhò ń gba nǹkan bí 30 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún un), nọ́ọ̀tì páìpù nǹkan bí 15 Nm. Ìwé ọkọ̀ yín ni kí ẹ gbà gbọ́ bí ó bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹni tí kò ní sípánà tí ń ka agbára, kí ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo àti sípánà kúkurú fún un, kí ó má fi páìpù gùn sípánà.

Ìlà méjì tí mo sọ ńkọ́? Ẹ wò wọ́n nísinsìnyí. Bí ìlà bá lọ tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀, họ́ọ̀sì dúró dáadáa. Bí ó bá ń yí họ́ọ̀sì ká bí okùn tí ẹ̀gùsí fi ń gun igi, ẹ ti lọ́ ọ, kí ẹ tú u kí ẹ tún un dì. Mẹkáníìkì kan gbé Micra akérò kan wá bá mi rí, ó ní wọ́n ta họ́ọ̀sì ayédèrú fún òun, nítorí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ó fi jò. Mo wo ìlà náà: ó ti yí ká họ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan àti ààbọ̀. Lílọ́ yìí ni ó ti họ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí tí ó fi ń kan ẹ̀gbẹ́ táyà nígbàkígbà tí awakọ̀ bá fẹ́ yà sósì, táyà sì ti ha á dé ojú okùn funfun inú rẹ̀. Kò sí ohun tí ó ṣe họ́ọ̀sì náà tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó dá táyà padà, kí ẹnìkan yí sítíárìnnì sọ́tùn-ún títí tí yóò fi kọ̀, kí ó sì yí i sósì bẹ́ẹ̀, bí ẹ ti ń wò ó. Lẹ́yìn tí ẹ dá táyà padà, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ọkọ̀ nílẹ̀ àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ lókè. Họ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ nà tán, kò gbọdọ̀ kan táyà, kò gbọdọ̀ kan ṣọ́kù.

Yíyọ afẹ́fẹ́

Ẹ yọ igi kúrò ní pẹ́dà, ẹ kún ike ọ́ìlì dé ojú àmì òkè, kí ẹ sì máa padà wò ó lẹ́yìn títẹ̀ bíi mẹ́rin mẹ́rin, nítorí bí ike bá gbẹ, afẹ́fẹ́ á wọ másítà, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ látòkè. Lára ọkọ̀ tí ó ní ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há pátápátá nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, afẹ́fẹ́ tí ó bá wọ inú ẹ̀rọ ABS lè má jáde àfi bí a bá fi kọ̀ǹpútà paṣẹ fún un.

Ẹ ki rọ́bà tínrín tí ó mọ́ gaara, irú èyí tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára, bọ orí nípù, kí ẹ ti ẹnu rẹ̀ kejì bọ inú ike omi òfìfo tí ẹ ti bu ọ́ìlì bíréèkì díẹ̀ sí. Ẹni méjì ni yóò ṣe é. Ní ọ̀dọ̀ wa, mo máa ń pariwo láti abẹ́ ọkọ̀ pé, “Tẹ̀ ẹ́!” Ọmọṣẹ́ mi á tẹ̀ ẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á sì dáhùn pé, “Mo dì í mú, ọ̀gá.” Mo á tú nípù, afẹ́fẹ́ á jáde bí ìfófòó ọṣẹ nínú rọ́bà náà, pẹ́dà á máa wọlé, mo á dé nípù, ìgbà yẹn ni mo á tó ní, “Gbé e.” Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kí n tó dé nípù, afẹ́fẹ́ tí ó jáde á tún padà sínú. A ó máa ṣe é lọ títí tí ọ́ìlì yóò fi máa jáde láìní ìfófòó kankan. Bí másítà ọkọ̀ bá ti gbó, ẹ fi pákó sábẹ́ pẹ́dà kí ó má lè wọlẹ̀ tán, nítorí ìdí másítà tí rọ́bà rẹ̀ kì í dé tẹ́lẹ̀ máa ń ní ìpáàrà tí ó lè gé e.

Ẹsẹ̀ tí a ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ nìkan tó bí ike kò bá gbẹ. Èmi a máa ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láti èyí tí ó jìnnà sí másítà jù lọ, tí í ṣe ẹ̀yìn ọ̀tún lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa. Àwọn ọkọ̀ kan ní ètò tiwọn nínú ìwé wọn. Ọ́ìlì tí ó bá jáde, ẹ má dá a padà sínú ike, ẹ má sì dà á sí ilẹ̀ ọgbà tí kànga wà.

Dídán an wò

Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bíréèkì gírígírí kí ẹ sì dì í mú fún ìṣẹ́jú kan. Pẹ́dà gbọ́dọ̀ dúró. Bí ó bá ń rọra wọlẹ̀, ọ́ìlì ń jò níbì kan tàbí másítà ni ó ní àrùn. Bí ó bá rọ̀ bí fóòmù, afẹ́fẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fi àkísà funfun tí ó gbẹ nu gbogbo ojú ibi tí ẹ tú, kí ẹ wo àkísà náà. Ẹ wá fún nọ́ọ̀tì táyà nígbà tí ọkọ̀ bá ti wà nílẹ̀, 103 Nm fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ Toyota kéékèèké. Ojú ọ̀nà tí kò sí èrò ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wà á, ní ìrìn jẹ́jẹ́, kí ẹ tẹ bíréèkì bíi ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Oríta Tákìé kì í ṣe ibi tí a ti ń dán bíréèkì wò. Nígbà tí ẹ bá dé, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ rímù ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì: ooru wọn gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ìtọ́jú

Ìgbàkígbà tí a bá tú táyà, fún ohun yòówù kí ó jẹ́, ẹ wo họ́ọ̀sì. Ẹ tún wò ó bí ẹ bá já sí kòtò burúkú lọ́nà, àti lẹ́yìn oṣù ọyẹ́, nítorí eruku tí ó dì mọ́ inú irin ìdimú máa ń gba omi sára nígbà tí òjò bá dé. Omi àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Bẹntíróò, díísù àti gíríìsì ń pa rọ́bà yìí. Ọ́ìlì bíréèkì yẹ ní pípààrọ̀ ní ọdún 2 sí 2. Mo sì ti rí awakọ̀ tí ó bu omi ọṣẹ sí ike rẹ̀ nígbà tí ọ́ìlì tán sí i lọ́nà, másítà, kálípà àti páìpù ni ó fi dí i.

Ohun méjì ni mo ń jà sí nínú ọgbà wa. Àkọ́kọ́ ni kí ọmọṣẹ́ tú kálípà láti pààrọ̀ páàdì, kí ó sì jẹ́ kí kálípà náà rọ̀ sórí họ́ọ̀sì. Okùn inú rẹ̀ ń já díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Wáyà kan tí a fi so kálípà mọ́ ṣọ́kù ti tó láti gbà á là. Èkejì ni kí a fi púláyà fún họ́ọ̀sì lọ́rùn kí ọ́ìlì má baà ṣàn. Ìta rẹ̀ á padà bọ̀ sípò, inú rẹ̀ kò ní padà. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà, ṣùgbọ́n mo rò pé ohun tí ó ṣe họ́ọ̀sì bàbá olùkọ́ yẹn nìyẹn, nígbà tí wọ́n ń tú kálípà rẹ̀ fọ̀.

Họ́ọ̀sì tí ẹ bá yọ, ẹ gé e sí méjì kí ẹ tó jù ú sórí àkìtàn. Àwọn kan wà tí ń ṣa á, tí wọ́n á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, tí wọ́n á fi ọ̀dà dúdú kùn ún, ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ó ti di Bẹ́líjíọ̀mù.